Màmá Dákẹ́ àti Ọmọ Tí Kì Í Mira

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti fi ń ya àwòrán inú ara èèyàn, kò sì sí aláìsàn tó ń dá mi lágara tó ọmọ kékeré. Àgbàlagbà, ẹ ní kó dùbúlẹ̀, á dùbúlẹ̀. Ẹ ní kó di èémí mú, á dì í mú títí ojú rẹ̀ á fi fẹ́ẹ̀ yọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjì! Ẹ ò tíì fọwọ́ kàn án tó ti figbe ta, ẹ ò tíì tan ẹ̀rọ tó ti gbá ìyá rẹ̀ létí. "Má mira! Má mira!" tí mo ń pa láti àárọ̀ dalẹ́ ló mú kí àwọn nọ́ọ̀sì sọ mí ní Ọ̀gá Má-mira. N kò fẹ́ràn orúkọ náà, ṣùgbọ́n ta ló béèrè lọ́wọ́ mi?

Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pariwo ní tirẹ̀. Màmá Dákẹ́ ni gbogbo ilé ìwòsàn ọmọdé wa ń pè é, láti orí dókítà àgbà dé orí ẹni tó ń gbálẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún ni pé kó máa di ọmọ mú. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó bá pe ìyẹn ní iṣẹ́ yẹpẹrẹ kò tíì gbìyànjú rí láti ti ohunkóhun bọ etí ọmọ tí etí ń dùn.

Ilé ìfọṣọ ló ti bẹ̀rẹ̀. Bíríkìlà ni ọkọ rẹ̀, ó sì kú nígbà tí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí kò tíì wọ iléèwé. Ọdún mẹ́sàn-án ni obìnrin yìí fi ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn wa, tó ń sá a, tó ń ká a. Lọ́jọ́ kan ó gbé ẹrù aṣọ kọjá níwájú yàrá dókítà, ọmọ kan ń ké nínú ibẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa, ìyá ọmọ náà ń ké, ó kù díẹ̀ kí dókítà náà bá wọn ké. Ó gbé aṣọ sílẹ̀, ó wọlé láìkan ilẹ̀kùn, ó gba ọmọ. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ilé ti pa rọ́rọ́. Dókítà ní kó má padà sídìí aṣọ mọ́. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá báyìí tí èmi àti ẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan náà.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Á jókòó sórí àpótí kúkurú kan, á gbé ọmọ lé itan ní ẹ̀gbẹ́, á fi apá kan gbá ọwọ́ ọmọ méjèèjì mọ́ra, á fi àtẹ́lẹwọ́ kejì gbé orí rẹ̀ ró. Lẹ́yìn náà á gbé ẹnu lé etí tí a kò fẹ́ yà, á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ó pẹ́ tí mo fi rò pé ọfọ̀ ni. Lọ́jọ́ kan mo bẹ̀rẹ̀, mo súnmọ́ ọn, mo gbọ́: "A ó kọ́kọ́ fọ àwọn funfun. Tí a bá fọ funfun tán, a ó fọ aláwọ̀ ojú ọ̀run. Àwọn tó lábàwọ́n, a ó rẹ wọ́n lọ́tọ̀ ni o..." Aṣọ fífọ̀ ló ń rò fún ọmọ ọlọ́mọ! Ọmọ náà sì la ẹnu sílẹ̀, ó ń gbọ́.

Ìdí tí a fi ń wá ìdákẹ́jẹ́ ni pé awọ pẹlẹbẹ kan wà nínú etí ọmọ, ó tín-ín-rín, ó sì ń dán. Bí ọmọ bá ń sunkún, awọ náà á pọ́n. Bí àrùn bá wà nínú etí, á pọ́n bákan náà. Tí mo bá ya àwòrán etí ọmọ tó ń ké, irọ́ ni àwòrán náà ń pa: dókítà á rí i pé ó pọ́n, á kọ oògùn fún ọmọ tí kò ní àrùn kankan. Nítorí náà, lójú èmi àti Màmá Dákẹ́, ọmọ tó bá dákẹ́ ni ọmọ dáadáa. A kò tilẹ̀ rò ó wò rí pé ọ̀rọ̀ náà lè ní apá kejì.

Ọmọbìnrin Màmá Dákẹ́ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú kan tó jìn ní ìrìn ọjọ́ kan gbáko. Iṣẹ́ náà kò gba ọmọ lẹ́yìn, ló bá gbé ọmọkùnrin rẹ̀ wá fún ìyá rẹ̀ nígbà tó pé oṣù mẹ́wàá. Yàrá méjì ni màmá ń gbé lókè ilé kan, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì. Tí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ bọ̀, ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun á bẹ̀rẹ̀ sí í bú ramúramù, gbogbo ayálégbé á jí, wọ́n á máa ṣépè fún oníbúrẹ́dì. Ọmọ náà nìkan ni kì í jí.

"Ọmọ tèmi kì í ṣe aláriwo," ló máa ń sọ fún mi tí a bá ń jẹun ọ̀sán. "Mo lè fọ abọ́, kí n máa fi ìkòkò lu ìkòkò, kò ní mira. Ṣe ló máa jókòó bí alàgbà."

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Alàgbà. Ó sì jọ ọ́ lóòótọ́: orí ńlá, ojú tó tóbi, tó máa ń wo ẹnu èèyàn bí ẹni tó fẹ́ dájọ́. Tí ìyá rẹ̀ bá pè lórí fóònù, tí ojú rẹ̀ yọ lára gíláàsì, Alàgbà á rẹ́rìn-ín, á na ìka sí i.

"Màmá, ṣé ó ń gbọ́ mi?"

"Kí ló máa dí i létí? O ò rí bó ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ẹ ni?"

Ní ọdún tó kọjá ni wọ́n gbé kámẹ́rà etí tuntun dé fún wa. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju bírò lọ, iná kékeré wà ní ṣónṣó rẹ̀, ohun tó bá sì rí nínú etí á hàn gàdàgbà lójú kọ̀ǹpútà. Ọmọkùnrin tó gbé e wá kọ́ wa fún ọjọ́ méjì, ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tí mọ́tò ń dúró dè, ó lọ. Ó wá kù kí n dá a kọ́ fúnra mi. Lára ta ni? N kò lè máa fi ọmọ tó ń ké kọ́ṣẹ́.

"Ẹ jẹ́ kí n gbé Alàgbà wá fún yín," Màmá Dákẹ́ wí. "Ẹ lè máa ti nǹkan bọ̀ ọ́ létí títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní sọ pé kí lẹ̀ ń ṣe."

Ó gbé e wá ní ọjọ́ Sátidé. Ọmọ ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ ni nígbà náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, n kò rí irú rẹ̀ rí. Ó gbé orí lé àyà ìyá ìyá rẹ̀, ó la ojú sílẹ̀, mo ya ọ̀tún, mo ya òsì, mo tún ọ̀tún yà ní ẹ̀ẹ̀mẹfà. Àwòrán ìkẹyìn mọ́ gaara débi pé ẹ lè ka iṣan inú awọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà dídán, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà pé: BÍ ÀWÒRÁN ṢE YẸ KÓ MỌ́ NÌYÍ. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé ni mo ń fi hàn.

Àṣà iṣẹ́ wa ni pé àwòrán tó bá ní káàdì nìkan ló ń dé orí tábìlì dókítà. Alàgbà kò ní káàdì. Kò ṣàìsàn, ó kàn wá bá wa ṣeré ni. Èmi ní tèmi, mímọ́ àwòrán ni iṣẹ́ mi, n kì í túmọ̀ rẹ̀. Dókítà ló ń túmọ̀, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi nígbà kan rí pé kí n má ṣe ju ara mi lọ. Mo gba ìkìlọ̀ náà ju bó ṣe yẹ lọ.

Oṣù márùn-ún kọjá. Ní ọjọ́ Ajé kan, Màmá Dákẹ́ kò dé ní aago méje, kò dé ní mẹ́jọ. Ọmọ mẹ́ta ń ké ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, inú ti bí mi dé góńgó. Aago mẹ́wàá ń lọ lù ló tó wọlé, kò wọ aṣọ iṣẹ́. Aṣọ ilé ló wà lọ́rùn rẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bára mu, Alàgbà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnu ni mo fẹ́ là bá a wí tí mo fi rí etí ọmọ náà. Etí ọ̀tún ti yọ síwájú bí ẹni pé ẹnì kan ń fi ìka tì í láti ẹ̀yìn; ẹ̀yìn rẹ̀ wú, ó pọ́n, ó ń dán.

"Láti ìgbà wo, Màmá?"

"Ọjọ́ Ẹtì lara ẹ̀ gbóná. Mo fún un ní oògùn, ó lọ sílẹ̀. Àárọ̀ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wíwú yìí. Kò ké, Ọ̀gá. Kò ké rárá. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ń dùn ún tó báyìí?"

Dókítà Etí wa, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó máa ń rìn bí ẹni tó ń sáré, fi ọwọ́ kan ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó kọ ìwé. Àwòrán orí ló fẹ́, lójú ẹsẹ̀, nínú ẹ̀rọ ńlá tó rí bí òrùka, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní síkáànì.

Oògùn oorun ni a máa ń fún àwọn ọmọ kéékèèké kí wọ́n tó wọ ẹ̀rọ yẹn. A kò fún Alàgbà. Màmá Dákẹ́ wọ ẹ̀wù olójé tí ìtànṣán ẹ̀rọ kì í là kọjá, ó dúró síbi tí ọmọ ti lè rí ojú rẹ̀. "Ẹ má pariwo mọ́ ọn o," ó sọ fún mi, ó tilẹ̀ gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ mọ̀ pé kì í mira." Ẹ̀rọ náà hó, ó yí. Àgbàlagbà mìíràn á ta gìrì tó bá bẹ̀rẹ̀. Alàgbà kò fi ojú kúrò lára màmá rẹ̀.

Mo jókòó sẹ́yìn gíláàsì, àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Egungun ẹ̀yìn etí kò ki bíi ti ẹsẹ̀. Ihò wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀ bí afárá oyin, afẹ́fẹ́ ló sì ń wà nínú àwọn ihò wọ̀nyẹn. Afẹ́fẹ́ máa ń dúdú nínú àwòrán. Ti Alàgbà kò dúdú. Ó rí bí eérú ní òsì, ó rí bí eérú ní ọ̀tún, ní ọ̀tún sì ni ògiri àwọn ihò náà ti wó, ọyún ti jẹ ẹ́ lọ. Mo rí i, n kò sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́.

Ohun tó tún wá burú ni pé, ó ti pẹ́ tí mo ti ní ọ̀rọ̀ méjì tí mo máa ń sọ fún àwọn ìyá. Bí àwòrán bá dára, mo máa ń ní, "Ó ti tán, ẹ máa lọ." Bí kò bá dára, "Ó ti tán, ẹ jókòó díẹ̀." Kò sí ìyá tó mọ ìyàtọ̀. Màmá Dákẹ́ ti gbọ́ méjèèjì fún ọdún mọ́kànlá. Mo jáde sí i, mo ń wo ilẹ̀.

"Ó ti tán, Màmá. Ẹ máa lọ... ẹ máa gbé e lọ bá Dókítà."

Ó ń tú okùn ẹ̀wù olójé, ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Èwo nìyẹn nínú méjèèjì?"

Mo na ọwọ́ gba okùn náà, mo ń bá a tú u.

"Àbúrò mi," ó wí. Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. "Ẹ bá mi sọ ọ̀kan nínú èyí tí mo mọ̀."

"Ẹ jókòó díẹ̀, Màmá."

Ó jókòó.

Dókítà Etí kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ọyún ti wọ egungun, iṣẹ́ abẹ sì ni, lónìí, kì í ṣe lọ́la. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí ẹnì kankan nínú wa kò béèrè rí.

"Màmá, ọ̀rọ̀ mélòó ló ń sọ?"

"Ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó máa ń pè mí."

"Kí ló máa ń pè yín?"

Màmá Dákẹ́ la ẹnu, ó pa á dé. "Ó máa ń fa aṣọ mi," ó wí níkẹyìn.

Dókítà bọ́ sẹ́yìn ọmọ náà, ó ju ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú abọ́ irin tó wà lórí tábìlì. Èmi fò sókè. Alàgbà ń wo bọ́tìnì aṣọ màmá rẹ̀.

"Ibà ló mú un, Dókítà. Ó rẹ̀ ẹ́ ni."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, Màmá." Ó tún wo àwòrán. "Ṣùgbọ́n omi ti wà lẹ́yìn awọ etí méjèèjì tipẹ́. Ó máa tó oṣù mélòó kan. Inú omi yẹn ni àrùn ti rí ilé gbé. Ṣé kò sẹ́ni tó yẹ etí ẹ̀ wò rí ni?"

Mo yọ́ jáde, mo padà sí yàrá wa, mo dúró níwájú ògiri. Fún oṣù márùn-ún gbáko ni mo fi ń fi àwòrán yẹn yangàn. Awọ náà kò pọ́n, torí ọmọ kò ké. Ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti tíì tí kò ní mílíìkì, ìfóòfó mẹ́ta sì wà lẹ́yìn rẹ̀, róbótó róbótó, bí ti omi ọṣẹ. Omi ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní á rí i. Èmi, bó ṣe mọ́ ni mo rí. Ká ní dókítà rí i nígbà náà, á lu ihò kékeré sí awọ náà, á fa omi jáde, ọmọ á padà sílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Wọ́n ti gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ nígbà tí mo padà. Mo jókòó ti Màmá Dákẹ́ lórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé àwòrán náà lé orúnkún mi, mo sọ ọ́ fún un bó ṣe rí, n kò yọ nǹkan kan kúrò. Mo ti múra kó bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn.

"Mo mọ̀," ó wí. "Bí Dókítà ṣe béèrè yẹn lọkàn mi ti lọ síbẹ̀. Ẹ ò gbé ọmọ wá, èmi ni mo gbé e wá. Mo ti rí etí tó lómi lẹ́yìn lójú kọ̀ǹpútà yẹn, kò níye. Mo wá ń wo ti ọmọ mi lára ògiri lójoojúmọ́, mo ń sọ pé ó mọ́." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àwa méjèèjì la wà lọ́jà, Ọ̀gá. A tún ń yin orí náà pé ó dúró dáadáa."

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, mo mọ òwe náà, kò sì tù mí nínú. Ó ń ṣe mí bíi kí n dìde kí n fọ́ nǹkan, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fọ́? Mo sọ fún Dókítà náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó gba àwòrán lọ́wọ́ mi, ó fi ọwọ́ bo iwájú orí. "Ká ní mo rí èyí..." ó wí. Láti ọjọ́ náà, a kì í ya àwòrán kankan láìsí káàdì mọ́. Òfin tó dára ni. Ó kàn pẹ́ dé ni.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí. Wọ́n fọ ọyún kúrò nínú egungun, wọ́n sì fa omi etí òsì jáde. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ. Ní ọjọ́ kẹta ibà padà dé. Àrùn náà ti yà sí awọ tó bo ọpọlọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni Alàgbà kò fi la ojú. Ìyá rẹ̀ ti dé nígbà náà, òun àti Màmá Dákẹ́ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bẹ́ẹ̀dì, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ tí ọmọbìnrin náà béèrè nǹkan.

"Màmá, gbogbo bí mo ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù ńkọ́?"

"Ẹnu ẹ ló ń wò, ọmọ mi. Ẹnu ẹ ló ń wò."

N kò lè dúró. Mo lọ fi ara pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ mi, mo sunkún bí ọmọdé, kò sì sẹ́ni tó ní kí n má mira.

Ó là á já, a dúpẹ́. Dókítà Etí ṣàlàyé fún wa pé ti ọ̀tún ti lọ, kò sẹ́ni tó lè dá a padà. Ti òsì ló kù. Àrùn awọ ọpọlọ yẹn máa ń gba etí lọ́wọ́ ọmọ nígbà mìíràn, nígbà mìíràn á ṣẹ́ díẹ̀ kù. Bó bá ṣẹ́ díẹ̀ kù, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n lè fi kọ́ ọ lẹ́yìn etí, á máa gbé ohùn sókè fún un, ó ṣì lè kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Bí kò bá ṣẹ́ nǹkan kan kù, ẹ̀rọ náà kò ní wúlò fún un. Ó ní kí a gbé e wá fún ìdánwò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ìsinmi ìyá ọmọ parí, ó padà síbi iṣẹ́. Màmá Dákẹ́ náà padà sórí àpótí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́. Bí ọmọ kan bá ti dákẹ́ lórí itan rẹ̀ báyìí, ẹ̀rù á bà á. Á ki ọwọ́ sẹ́yìn orí ọmọ náà, á ta ìka, tásì! Ọmọ á yí ojú, á bú sẹ́kún, èmi á sì dá kámẹ́rà dúró. Tẹ́lẹ̀ ni, ǹ bá ti pariwo. N kò lè pariwo.

Kò sinmi nílé náà. Ó ti lọ bá ọmọkùnrin adánwò-etí, ẹni tó ń dán ìgbọ́ràn ọmọ wò, ó ti béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdánwò, ìyẹn sì sọ fún un: ọmọ á mú igi ìṣeré kékeré kan, á gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó bá gbọ́ ohùn, á jù ú sínú agolo. Màmá ra igi ìṣeré, ó wá agolo òfìfo. Lójoojúmọ́ tó bá ti dé, á jókòó níwájú Alàgbà, á fi ṣíbí lu àwo lábẹ́ tábìlì, níbi tí ọmọ kò ti lè rí ọwọ́ rẹ̀.

"Ó ń jù ú, Ọ̀gá!" ó ké sí mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kò tíì gbé báàgì sílẹ̀. "Bí mo bá ti lù ú báyìí, á jù ú! Ẹ̀ẹ̀mẹwàá, kò tàsé ẹyọ kan! Etí òsì yẹn ń gbọ́!"

Mo dì mọ́ ọn. Àwa méjèèjì fò káàkiri yàrá bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ìyá kan tó gbé ọmọ dání ní ẹnu ọ̀nà padà sẹ́yìn.

Yàrá ìdánwò náà kò tóbi ju ilé ìwẹ̀ lọ. Fóòmù ló bo ògiri rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ nípọn bí búlọ́ọ̀kù, gíláàsì kan sì wà lára rẹ̀ tó jẹ́ pé ẹni ìta ń rí inú, ẹni inú kò rí ju òjìji ara rẹ̀ lọ. Mo dúró síta. Alàgbà jókòó sórí àga kékeré, àpá gígùn wà lẹ́yìn etí ọ̀tún rẹ̀. Màmá Dákẹ́ kọjú sí i, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Adánwò-etí wà lẹ́yìn ọmọ, nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. N kò lè gbọ́ nǹkan kan láti ìta, àmọ́ iná pupa kékeré kan máa ń tàn lórí ẹ̀rọ náà bí ohùn bá ti dún.

Iná tàn. Alàgbà ju igi sínú agolo. Iná tún tàn, ó tún jù ú. Mẹ́ta. Mẹ́rin. Adánwò-etí rẹ ohùn sílẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí i, ọmọ náà ń jù ú ni. Mẹ́jọ nínú mẹ́jọ! Mo fi ọwọ́ gbá itan mi. Mo ti ń rò ó pé èmi ni n ó kọ́kọ́ pe ìyá rẹ̀.

Adánwò-etí kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró díẹ̀, ó ń wo Màmá Dákẹ́, ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bọ́ síta díẹ̀."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Màmá. Orí yín ló ń mì."

"Èmi? Mi ò mi orí o. Mo jókòó jẹ́ẹ́."

"Ẹ ò mọ̀ pé ẹ̀ ń mì í ni. Tí ohùn bá ti dún, orí yín á lọ sílẹ̀ díẹ̀, báyìí. Ohun tó ń wò nìyẹn."

Ó dìde. Ó fi ọwọ́ pa ọmọ náà lórí, ó jáde, ó dúró tì mí, ilẹ̀kùn tì. N kò lè wo ojú rẹ̀.

Alàgbà wo àga tó ṣófo. Ó mú igi kan, ó gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Iná pupa tàn. Kò jù ú. Adánwò-etí gbé ohùn sókè, iná tàn, kò jù ú. Ó tún gbé e sókè. Èmi tí n kì í gbàdúrà níbi iṣẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà: jù ú, Alàgbà, ọmọ mi, kódà kó jẹ́ pé ó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ ni, ṣáà jù ú.

Adánwò-etí yí i dé òpin. Pẹ̀lú bí ilẹ̀kùn yẹn ṣe nípọn tó, àwa tí a wà níta gbọ́ ọ, gíláàsì sì gbọ̀n. Màmá Dákẹ́ mi orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó tún dún, ó tún mi orí. Nínú yàrá lọ́hùn-ún, Alàgbà di igi rẹ̀ mú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń wo gbogbo ibi tí ojú rẹ̀ lè dé, ó ń wá màmá rẹ̀.